Síìmù Mẹ́rìnlá

Dókítà fi bírò tọ́ka sí ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, ó ní kò sí aláìsàn kankan láti Agége títí dé Ìkejà tó lo oògùn rẹ̀ bí Job ti lò ó. Oṣù márùn-ún gbáko, kò fo ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń yin ọmọ ilé ìwé tó gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò dán. Ó ní síbẹ̀síbẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Job tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé kún fún kòkòrò ikọ́ ife. Ó ní bí èèyàn bá lo oògùn tó báyìí tí kòkòrò ò kú, a jẹ́ pé kòkòrò náà le ju oògùn lọ nìyẹn, oògùn tó sì lè pa irú rẹ̀ kò tíì wọ orílẹ̀-èdè yìí. Kí Tinúọlá máa mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé, kó máa fún un ní oúnjẹ tó dáa, kó ya ife àti abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì tẹra mọ́ àdúrà.

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan. Bí pásítọ̀ bá ní ká gbàdúrà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí dókítà bá ní ká gbàdúrà, ó ti kó irinṣẹ́ tirẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Tinúọlá jókòó síbẹ̀. Job wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, kò wo dókítà, kò wo ìyàwó, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀rù ikọ́ ń ba obìnrin náà, àmọ́ ohun tó ń já a láyà jù kì í ṣe ikọ́. Ìwé tí dókítà ń tọ́ka sí yẹn, òun ló kọ ọ́. Àtàǹpàkò òun ló tẹ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní títí dé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Fóònù alágbèéká ti wọ ìgboro, kò sì sí kọ̀rọ̀ kan ní àdúgbò Ọgbà tí o ò ti ní rí obìnrin tó ta agboòrùn, tó gbé tábìlì sábẹ́ rẹ̀, tó ń ta ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù. Tinúọlá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà yẹn ni àwọn aláàánú kan láti òkè òkun gbé ètò tuntun dé ilé ìtọ́jú tí Job ti ń gba oògùn. Wọ́n ní àwọn tó ní ikọ́ ife kì í lo oògùn parí, pé bí ara wọn bá ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n á sá lọ. Wọ́n bá fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní síìmù. Tó bá gbé oògùn mì láàárọ̀, kó fi síìmù yẹn fíláàṣì nọ́ńbà kan báyìí, kó dún lẹ́ẹ̀kan, kó gé e. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà á rí nọ́ńbà rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ti lo oògùn tòní. Ẹni tó bá pa ọjọ́ méjì jẹ, nọ́ọ̀sì á gun ọ̀kadà wá bá a nílé. Ẹni tí kò bá pa ọjọ́ kankan jẹ títí oṣù fi parí, wọ́n á fún un ní káàdì ìpè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà.

Ètò tó dáa ni, àbí kò dáa? Àfi ohun kan tí àwọn òyìnbó gbàgbé: síìmù ni wọ́n pín, wọn ò pín fóònù. Níbo ni tálákà tó ń wúkọ́ ti fẹ́ rí fóònù? Ẹni tó bá sì wá ọ̀kan yá, níbo ló ti fẹ́ ríná fi ṣájì í? Làwọn aláìsàn bá ń mú síìmù wọn wá sábẹ́ agboòrùn Tinúọlá láràárọ̀. Nígbà tó yá, wíwá sú wọn, wọ́n bá kúkú ń fi í síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi owó sọ́wọ́ alájọ, tí wọ́n á lọ sílé lọ sùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi síìmù sọ́wọ́ rẹ̀. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gba káàdì wọn, wọ́n á tà á fún Tinúọlá kan náà lówó pọ́ọ́kú, òun náà á fi ta ìpè, á jèrè. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé òun ń ṣe ibi.

Síìmù mẹ́rìnlá ló wà nínú agolo ìpara kan báyìí, ó fi bébà kékeré wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ sí i lára. Bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí bá lù, á ṣí ẹ̀yìn fóònù, á yọ bátìrì, á ki síìmù bọ̀ ọ́, á dúró kó tàn, á fíláàṣì, á gé e, á tún yọ ọ́, títí á fi dórí ìkẹrìnlá. Ti Job ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Kí ó tó jáde nílé, á ti gbé ẹ̀kọ́ gbígbóná sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn, bó bá sì padà dé, á rí i pé oògùn ti dín bó ṣe yẹ kó dín. Kí ló tún kù tí èèyàn á máa wádìí lára ọkọ ẹni?

Nígbà tí wọ́n délé láti ọ̀dọ̀ dókítà, ó rán Jọmílójú ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ ará ilé kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán.

"Bàbá Jọmílójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ ń gbé oògùn yẹn mì?"

 Ikọ́ dé bá Job, ó wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nu ẹnu, ó wo áńkáṣíìfù, ó ká a mọ́wọ́ kí ìyàwó má bàa rí àwọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Mi ò gbé e mì mọ́," ló wí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta ààbọ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ní oṣù kìíní àti àbọ̀ èkejì, ó lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ara rẹ̀ sì yá, ó sanra, ikọ́ lọ. Ìgbà náà ni iṣẹ́ káṣúà kan yọ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Oregun, wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tinúọlá rántí ọjọ́ náà, ó rántí bí ọkọ òun ṣe ń súfèé nílé ìwẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí káṣúà wọ ilé ìtọ̀ àwọn ọ̀gá. Gọ́tà kan ló wà lẹ́yìn ògiri, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ tọ̀. Oògùn yìí sì rèé, ó máa ń sọ ìtọ̀ èèyàn di pupa bí epo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó dúró tì í wo ilẹ̀, ó pariwo. Job ní zobo lòun mu. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wọn ti ń bi àwọn èèyàn pé àrùn wo ló ń ṣe ọkùnrin Èkìtì yẹn. Wọ́n sì ti lé ẹnì kan kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nítorí pé ó ń wúkọ́ lásán. Zobo mélòó lèèyàn fẹ́ mu? Láti ọjọ́ náà, bí Job bá ń múra ibi iṣẹ́ láàárọ̀, á da hóró oògùn ọjọ́ náà sójú àgbàrá, á sì mu ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó jáde.

Ó ní òun fẹ́ kí owó ilé ìwé Jọmílójú tọwọ́ òun jáde lẹ́ẹ̀kan ni. Ó ní ojú ti òun, láti ìgbà tí iléeṣẹ́ aṣọ tí òun wà tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé, abẹ́ agboòrùn ìyàwó lòun ti ń jẹun. Nígbà tí ikọ́ sì padà dé, wọ́n lé e náà ni, ó sì rò pé ó ti pẹ́ jù láti padà sí oògùn.

Inú bí Tinúọlá débi pé ó fẹ́ gbá a létí. Àánú rẹ̀ sì ṣe é débi pé ó fẹ́ pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ó bínú sí Job, ó bínú sí ọ̀gá Oregun, ó wá bínú sí ara rẹ̀ jù wọ́n lọ. Nítorí ká ní kò bá a fíláàṣì ni, ní ọjọ́ kẹta tó da oògùn nù, nọ́ọ̀sì ì bá ti dé. Owó ìpè ló dí ọ̀nà mọ́ nọ́ọ̀sì.

Àárín ẹkún yẹn ni èrò kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ó nu ojú. Bí Job ò bá gbé oògùn mì, irọ́ ni ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn! Kòkòrò ò le ju oògùn lọ, oògùn ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ òun ṣì lè yè. Ohun tó kù ò ju kí ẹnì kan lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n kò ju òun tó pa á lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ni síìmù wà nínú ọgbà ilé wọn. Mùínàt lorúkọ rẹ̀, opó ni, iṣẹ́ dídi omi inú ọ̀rá ló ń ṣe. Tinúọlá rò pé kò dáa kí òun lọ tú àṣírí tó kan gbogbo wọn láìsọ fún ẹnì kankan, ló bá lọ fi tó o létí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mùínàt gbọ́ ọ tán, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní káàdì oṣooṣù yẹn ni gàrí àwọn ọmọ òun. Ó ní kí ó sọ tirẹ̀, kó má sọ tàwọn. Tinúọlá ò ṣèlérí, kò sì ní òun ò ní ṣe é. Ọwọ́ epo làwọn èèyàn ń báni lá, òun gan-an sì ti bá wọn lá a.

Job ò lè rìn dé títì mọ́. Ẹni ilé kejì kan ló bá wọn gbé e wọ takisí, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtọ́jú. Tinúọlá wọlé lọ bá Sista Catherine, nọ́ọ̀sì tí ètò fíláàṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣì í gbọ́ o, Sista Catherine kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti bu oúnjẹ tiẹ̀ fún aláìsàn rí, ojú gbogbo wa ló ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tinúọlá rò fún un tán, kò gbà á gbọ́. Ó ní àwọn kan ti wá rí tí wọ́n ní àwọn ò lo oògùn, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí káàdì lè máa wọlé. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Orúkọ Job ló wà lókè pátápátá. Ó ní àwọn aláàánú òkè òkun ń bọ̀ wá bẹ ètò náà wò lọ́sẹ̀ méjì sí i, Job sì ni wọ́n fẹ́ fi hàn wọ́n kí àyẹ̀wò rẹ̀ tó dójú tì wọ́n.

Tinúọlá bẹ̀ ẹ́. Ó fi Ọlọ́run búra, ó fi ọmọ rẹ̀ búra. Obìnrin náà ń mi orí. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu Tinúọlá mọ́, ó fa fóònù yọ, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki síìmù Job bọ̀ ọ́.  Fóònù tàn, ó fíláàṣì, ó gé e. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ púpọ̀, àmì kékeré kan hàn ní iwájú orúkọ Job: ó ti lo oògùn tòní.

Sista Catherine yíjú sí ojú fèrèsé. Job nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí ti ògiri, ó la ẹnu, ó ń fi ipá mí.  Obìnrin náà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Síìmù mélòó ló wà lọ́wọ́ yín?"

Tinúọlá la ẹnu láti fèsì, Sista Catherine sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Bó bá jẹ́ ti ọkọ yín nìkan ni, àṣìṣe inú ilé kan ni màá kọ ọ́ sí. Màá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àti oògùn ọ̀tun fún un lónìí. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kọjá agbára mi. Wọ́n á ti yàrá oògùn pa, wọ́n á máa wádìí, mi ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i."

Agolo wà nínú báàgì lórí itan Tinúọlá. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn lórí. Ó mọ ẹni tó ń bi òun ní gbogbo ìgbà pé ṣé òun ti ṣe tòun, ó sì mọ ẹni tí òun ò tíì fojú kàn láti oṣù kan. Títí di àná, kò rò ó rí pé ó yẹ kí òun bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbé e mì. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á rí oògùn gidi lọ́jọ́ kan ṣá. Job ò ní ọjọ́ kan ṣá. Ó gbọ́ ọ tó ń wúkọ́ lóde.

"Ọ̀kan ni, Sista."

 Sista Catherine fa ìwé kan yọ, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó kà á sí i létí kedere: síìmù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ obìnrin yìí, bí wọ́n bá sì rí èkejì lẹ́yìn ọ̀la, wọ́n á yọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò, kò sì ní gba oògùn níbẹ̀ mọ́. Tinúọlá fọwọ́ sí i. Sista gba síìmù Job, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó sì lọ gbé abẹ́rẹ́.

Job gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ó gbé oògùn mì lójú gbogbo wọn, Sista ní kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ, kò sì sí káàdì kankan fún un mọ́. Tinúọlá ti sọ ohun tó fọwọ́ sí fún Mùínàt, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni abẹ́rẹ́ yẹn máa jẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó bèèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, ó sùn mọ́jú láìwúkọ́, Tinúọlá ló jí tó ń fetí sí èémí rẹ̀, ayọ̀ ò sì jẹ́ kó sùn mọ́. Owó takisí àti oúnjẹ tó ń gbé Job ró, abẹ́ agboòrùn ló ti ń jáde, láti ara káàdì àwọn mẹ́tàlá tó kù.

Ọjọ́ kẹrìnlá ni Mùínàt wá bá a níbi tábìlì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó wá san owó ìpè kan tó jẹ ẹ́ ni. Tinúọlá gbé ojú sókè, ó wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Egungun ọrùn Mùínàt ti yọ síta, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lára rẹ̀, bó bá sọ gbólóhùn kan, á dúró kó tó sọ èkejì. Tinúọlá bi í pé ṣé ó ń lo oògùn. Ó ní òun ń lò ó, mà. Tinúọlá tún bi í. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bí oúnjẹ bá wà lòun ń lò ó, torí bí inú bá ṣófo, ńṣe ló ń bì jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn bì nídìí ẹ̀rọ omi.

Tinúọlá tú bébà ara síìmù Mùínàt, ó nà án sí i. Ó ní kó gbà á, òun ò ní fi í fíláàṣì mọ́. Bó bá fi pa ọjọ́ méjì jẹ, Sista á wá wò ó nílé, wọ́n á sì rí bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní ohun tó fẹ́ pa Job nìyẹn, òun ò ní lè máa wòran.

Mùínàt ò gba síìmù. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn lórí eékún méjèèjì, bí àbúrò ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí Sista bá wá, á bi mí pé ta ló ti ń bá mi ṣe é. Mi ò mọ irọ́ tí màá pa fún un. Abẹ́rẹ́ ọkọ yín ńkọ́, mà?"

Tinúọlá wò ó lójú, ó ń wá ibi tó ti lè rí i bóyá ẹ̀bẹ̀ ni àbí ìhàlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ìhàlẹ̀ náà ni. Mùínàt fúnra rẹ̀ ń sunkún. Abẹ́rẹ́ tó kù fún Job ju ogójì lọ. Ó wo ojú títì, bí ẹni pé ẹnì kan lè gba ibẹ̀ yọ tó máa gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn fóònù. Ó yọ bátìrì, ó ki síìmù Mùínàt bọ̀ ọ́, ó dúró kó tàn. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó gé e.

Mùínàt dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò léékún. Ó ní ẹ ṣé, mà, Ọlọ́run á bá yín wo ọkọ yín sàn.

Tinúọlá ṣe àmín. Kò sí àdúrà mìíràn tó nílò tó èyí láyé.